Bí a ṣe ń de ọrùn gíráfáìtì mọ́ gìtá bẹ́ẹ̀sì tí a fọwọ́ ara wa tò

Ìwọ̀n bébà mẹ́ta péré ló kù kí ọrùn gíráfáìtì tí mo rà wọ inú àpò (ihò tí ọrùn ń jókòó sí) tó wà lára bẹ́ẹ̀sì mi. Mo ti gbé fáìlì, mo fẹ́ máa fá ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà kó lè wọlé, kí n tó rántí pé igi ni ara gìtá yẹn. Bí mo bá fá igi jù, mo lè lẹ pákó pẹlẹbẹ mọ́ ọn kí n sì tún un fá. Fọ́nrán gíráfáìtì tí mo bá gé, kò tún sí bí mo ṣe lè so ó pọ̀ mọ́. Mo gbé fáìlì sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tẹ̀ lé òfin kan, òun náà sì ni màá máa padà sí títí dé òpin ìtọ́sọ́nà yìí: igi ni kí ẹ máa tún ṣe kó lè bá ọrùn mu, ẹ má ṣe tún ọrùn ṣe nítorí igi.

Ohun tí àwa onígìtá ń pè ní gíráfáìtì kì í ṣe ti inú pẹ́ńsù. Fọ́nrán kábọ̀nù ni, tí wọ́n tò lé ara wọn nínú epoxy (gọ́ọ̀mù tí a ń pò) títí ó fi gan, tó le gbagidi. Geoff Gould, tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe sátẹ́láìtì ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé irú nǹkan yìí lè di ọrùn bẹ́ẹ̀sì, òun ló sì wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Modulus Graphite sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Ned Steinberger, tó ń ṣe gìtá, gbé bẹ́ẹ̀sì tí kò lórí jáde, ohun kan náà ló sì fi ṣe é.

Ìdí tí èèyàn fi ń wá a kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́ ni pé okùn mẹ́rin tí a fà dé ohùn wọn ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bí 80 kìlógíráàmù, tọ̀sán-tòru. Igi ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tú u sílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀ lónìí tó sì ń nà lọ́la. Gíráfáìtì kì í mu omi. Ìkejì ni ohùn tó ń kú. Bí ẹ bá ti ta okùn G, èyí tó tín-ín-rín jù nínú mẹ́rin, lórí ọrùn onígi rí, láàárín fret 5 sí fret 7 (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn), ẹ ó ti gbọ́ ọ: ohùn kan á dún, á sì ṣàdédé rọ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Ọrùn ló ń gbọ̀n pẹ̀lú ohùn yẹn, tó sì ń gba agbára lọ́wọ́ okùn. Ọrùn tó le gan-an kì í tètè gbọ̀n ní ìwọ̀n ohùn bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ohùn ṣe ń pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á

Igi gànràngànràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nǹkan bíi mélòó kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ara gìtá yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gígùn okùn. Bẹ́ẹ̀sì tó wọ́pọ̀ jù, láti ìgbà tí Leo Fender, tó ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà, ti gbé bẹ́ẹ̀sì tó ń jẹ́ Precision Bass jáde lọ́dún 1951, jẹ́ 864 mm láti nut, ìyẹn ibi tí okùn ti ń kúrò ní orí, dé orí bridge, irin ara gìtá tí ìdí okùn wà. Àwọn kan wà tó kúrú, tó jẹ́ 762 mm, àwọn kan sì gùn tó 889 mm. Ẹ wọ̀n láti nut dé fret 12, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ó bá fún yín ní 432 mm dé fret 12, ọrùn 864 mm ni. Ẹ má ṣe gba ohun tí ẹni tó ń tà á bá fẹnu sọ, rúlà ni kí ẹ gbà gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni gìgísẹ̀ ọrùn, apá tó ń wọnú àpò. Lára bẹ́ẹ̀sì tó tẹ̀ lé ìwọ̀n Fender, fífẹ̀ gìgísẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 63.5 mm, jíjìn àpò sì jẹ́ nǹkan bí 16 mm. Ẹ fi calliper, irin ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì, wọ̀n àpò yín níbi mẹ́ta, nítorí àpò tí a fọwọ́ gbẹ́ nílé kì í sábà dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ wo igun rẹ̀ pẹ̀lú: gìgísẹ̀ míì gún régé, òmíràn sì rọ́bọ́tọ́. Ẹ wo iye fret. Ọrùn tó ní fret 20 kì í sábà yọ sórí ara, àmọ́ èyí tó ní 21 tàbí 24 lè yọ ètè lé pickup yín (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn okùn) lórí.

Paríparí rẹ̀, ẹ béèrè ohun méjì. Ṣé truss rod wà nínú rẹ̀, ọ̀pá irin tí a fi ń tún títẹ̀ ọrùn ṣe? Ọ̀pọ̀ ọrùn gíráfáìtì ni kò ní in. Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé wọ́n ti lu ihò sí gìgísẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ti fi irin tí bóòlùtì ń wọ̀ sínú rẹ̀, àbí gbọrọ ló wà, tí kò ní ihò kankan? Èmi fẹ́ràn èyí tí wọn kò tíì lu, torí pé ihò tí ẹlòmíì lu máa ń sọ gìtá yín di ti ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ní dírìlì onídùúró, ẹ ra èyí tí wọ́n ti lu.

Kí ọrùn wọ àpò

Ẹ tú gbogbo okùn, ẹ yọ ọrùn àtijọ́, ẹ sì yọ pickup àti wáyà kúrò tàbí kí ẹ fi tépù bò wọ́n pátápátá. Màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ gbé ọrùn tuntun lé àpò láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí kò bá wọlé, ọ̀dà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀dà tó ṣàn sínú àpò nígbà tí a ń kun ara gìtá lè nípọn ju bí ojú ṣe rí i lọ, pàápàá nínú igun. Ohun tí mo ń ṣe nìyí: mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì funfun pa ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ ọrùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo á gbé e lé ẹnu àpò, mo á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo á sì yọ ọ́. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti lẹ̀ mọ́ ara àpò, ibẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́. Lára tèmi, àmì funfun méjì péré ni mo rí, ọ̀kan ní igun ọ̀tún, ọ̀kan tó gùn bí èékánná ọwọ́ ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Gbogbo ìyókù àpò náà kò kan ọrùn rárá. Ká ní mo ti fá gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe gbèrò, àlàfo ìbá ti wà níbi gbogbo.

Sáńpépà tí a lẹ̀ mọ́ pákó kékeré tó gún dáadáa ni kí ẹ fi fá ibi tí àmì wà. Ẹ fá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ tún ṣọ́ọ̀kì pa, ẹ tún gbìyànjú. Ó máa pẹ́. Ẹ jẹ́ kó pẹ́. Ibi tí ẹ ń lọ ni kí ọrùn wọlé bí ọwọ́ bá tì í, kí ó sì dúró fúnra rẹ̀ bí ẹ bá gbé gìtá sókè nídùúró, láìsí pé ẹ gbá a.

Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ilẹ̀ àpò àfi bó bá di dandan. Ẹ fi etí rúlà onírin dúró lórí rẹ̀, kí ẹ sì wo ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀dà bá pọ̀ síbẹ̀, ẹ fi chisel mímú yọ ọ́ títí igi á fi hàn, torí pé bóòlùtì tó bá fún ọrùn mọ́ ọ̀dà rírọ̀ yóò máa tú díẹ̀díẹ̀.

Ìlà tó gún

Gìtá tí a tò nílé ni à ń sọ, bridge yín ti wà níbi tó wà. Ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ó gún pẹ̀lú ọrùn tuntun. Ẹ fi kílámpù mú ọrùn nínú àpò, ẹ fi awọ tàbí aṣọ sáàárín kó má bàa ha ojú fret. Ẹ mú òwú ìránṣọ méjì, ẹ so ọ̀kan láti ojú ọ̀nà okùn E, èyí tó nípọn jù, ní nut dé saddle rẹ̀, irin kékeré tí okùn jókòó lé lórí bridge, ẹ so ìkejì láti ojú ọ̀nà okùn G. Ẹ fà wọ́n gan-an.

Ẹ wọ̀n àlàfo láàárín òwú àti etí ọrùn ní fret tó kẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó yẹ kí wọ́n bára dọ́gba, tàbí kí ìyàtọ̀ wọn má tó ìdajì mìlímítà. Bí ti E bá jẹ́ 5 mm tí ti G sì jẹ́ 3 mm, okùn G máa ń yọ́ kúrò lórí fret bí ẹ bá ń ta á gidi. Ẹ fi ọwọ́ yí orí ọrùn díẹ̀ nínú kílámpù. Bí àpò kò bá gbà á láàyè, ẹ mọ ohun tí ó kù: igi ẹ̀gbẹ́ àpò tàbí ibi tí bridge wà. Nínú méjèèjì, èmi máa ń sún bridge. Skúrù rẹ̀ kéré, ihò àtijọ́ sì ṣeé fi igi róbótó dí.

Ẹ wọ̀n gígùn nígbà kan náà. Láti nut dé saddle okùn G gbọ́dọ̀ tó 864 mm, kí skúrù saddle náà sì ṣì lè yí síwájú àti sẹ́yìn, nítorí okùn kọ̀ọ̀kan máa nílò díẹ̀ sí i. G lè fẹ́ nǹkan bíi 2 mm sí i, E lè fẹ́ 5 mm. Bí saddle G bá ti dé òpin nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bridge yẹn kò sí níbi tó yẹ.

Eruku rẹ̀ kì í ṣe eruku igi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka abala yìí kí ẹ tó fi dírìlì kan ọrùn. Eruku fọ́nrán kábọ̀nù máa ń gún awọ bí ẹ̀gún tí ojú kò rí, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ó tún ń gbé iná mànàmáná kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ bo pickup àti wáyà: díẹ̀ lára rẹ̀ tó bá balẹ̀ sórí ojú ìsopọ̀ wáyà lè fa ariwo tàbí kó pa ohùn gìtá.

Ẹ wọ ìbòmú tó lè dí eruku tín-ín-rín, bíi N95. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, dígí ojú àti aṣọ alápá gígùn. Ẹ ṣiṣẹ́ níta bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku ni kí ẹni kejì máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìtì, ẹnu dírìlì tó ń lu ihò, ẹ má ṣe fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá a. Nígbà tí ẹ bá parí, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu gbogbo ibẹ̀, kí ẹ sì fọ aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ́tọ̀.

Lílu ihò

Bí ọrùn bá ti ní ihò tirẹ̀ tí kò sì bá ti ara mu, ẹ padà sí òfin wa: ẹ fi igi róbótó àti gọ́ọ̀mù dí ihò ara gìtá, kí ẹ sì tún lu òmíràn tó bá ọrùn mu. Ẹ má ṣe lu ihò kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tó wà nínú ọrùn.

Bí gìgísẹ̀ bá jẹ́ gbọrọ, ẹ fi kílámpù mú ọrùn síbi tí òwú ti gún. Àwo irin mẹ́rin-ihò tó wọ́pọ̀ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀sì ní ihò tó jìnnà síra ní 38 mm lọ́nà kan àti 51 mm lọ́nà kejì. Ẹ mú bíìtì tó wọ ihò ara gìtá láìfún, ẹ gbé e láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kí orí rẹ̀ lè ha gìgísẹ̀. Ẹ ti kọ́kọ́ fi tépù funfun bo gìgísẹ̀ kí àmì lè hàn lórí dúdú rẹ̀, tépù náà kò sì ní jẹ́ kí fọ́nrán ya létí ihò.

Jíjìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ má fojú díwọ̀n ọ́n. Ká ní ara gìtá yín nípọn 44 mm, àpò sì jìn 16 mm. Igi tó kù lábẹ́ àpò jẹ́ 28 mm. Àwo irin jẹ́ 2 mm. Bóòlùtì tó gùn 45 mm á wá wọnú ọrùn ní 15 mm. Gìgísẹ̀ nípọn bíi 25 mm, nítorí náà 10 mm ṣì kù kí ó tó dé ojú fret. Ihò 16 mm ti tó. Ẹ fi tépù pupa yí bíìtì ní 16 mm, tàbí kí ẹ lo ìdádúró tó wà lára dírìlì onídùúró. Bí ọrùn yín bá ṣófo nínú, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é ibi tí kò ṣófo kí ẹ tó lu ohunkóhun.

Bíìtì carbide, èyí tó le ju ti irin lásán lọ, ni kí ẹ lò, torí kábọ̀nù máa ń mú bíìtì lásán kú kánkán. Ẹ kọ́kọ́ fi 3 mm lu ú, lẹ́yìn náà ẹ fi èyí tó tóbi. Ẹ jẹ́ kí dírìlì yára, kí ọwọ́ yín fúyẹ́. Ẹ lu díẹ̀, ẹ fa bíìtì jáde, ẹ jẹ́ kó tutù. Bí òórùn ọ̀dà tó ń jó bá kan yín nímú, epoxy inú ọrùn ló ń gbóná jù, ẹ dúró.

Irin tí bóòlùtì máa wọ̀

Ẹ má ṣe fi skúrù igi wọnú gíráfáìtì. Skúrù igi ń wá àyè fún ara rẹ̀ nípa títi fọ́nrán igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gíráfáìtì kì í sì í yà fún un, ńṣe ló ń sán. Ohun tó tọ́ ni insert, irin róbótó tó ní ojú ọ̀nà bóòlùtì nínú, tí ẹ máa fi epoxy lẹ̀ mọ́ inú ihò. Èyí tó ń gba bóòlùtì M5 dára. Bàbà tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ó jẹ́. Alumíníọ̀mù àti kábọ̀nù kì í bára gbé: bí ọ̀rinrin bá kàn wọ́n pọ̀, alumíníọ̀mù ló máa jẹrà.

Ẹ lu ihò kó fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin mìlímítà tóbi ju insert lọ, kí gọ́ọ̀mù lè rí àyè. Ẹ fi sáńpépà ha ara insert, ẹ sì fi sípíríìtì nu òun àti ihò. Wàyí o, láti rí i pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró níbi tó yẹ, ẹ lo àwo irin ẹ̀yìn gìtá fúnra rẹ̀: ẹ fi bóòlùtì kúkúrú de insert mẹ́rin mọ́ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n dúró bí ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹ fi ìda pa bóòlùtì àti abẹ́ àwo náà dáadáa kí gọ́ọ̀mù má bàa mú wọn. Ẹ po epoxy, ẹ fi igi eyín fi díẹ̀ sí ara ihò, díẹ̀ sí ara insert, kí ẹ sì gbé gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà títí àwo á fi jókòó lórí gìgísẹ̀. Ẹ nu èyí tó bá yọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, kódà bí ara páálí epoxy bá sọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún.

Èmi gbàgbé láti fi ìda pa bóòlùtì kan. Lọ́jọ́ kejì mẹ́ta yọ wọ́ọ́rọ́, ìkẹrin kò mira. Mo gbé irin ìjólẹ́ẹ̀dì lé orí rẹ̀, mo jẹ́ kí ooru wọ bóòlùtì díẹ̀díẹ̀, mo ń fi sukudiráfà dán an wò ní gbogbo ìgbà, títí ó fi yọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí tó fi jáde, torí ooru kan náà tó tú bóòlùtì lè tú insert. Ìda ìṣẹ́jú kan ni ìbá ti gbà mí.

Kí ẹ tó dì í, ẹ fẹ ihò inú ara gìtá sí nǹkan bí 5.3 mm kí bóòlùtì M5 lè kọjá láìfi ojú rẹ̀ mú igi. Bí ó bá mú igi, á gbá ọrùn dúró sókè, àlàfo tín-ín-rín á sì wà lábẹ́ rẹ̀ bó ti wù kí ẹ fún un tó. Ẹ fi ọwọ́ fún un, kì í ṣe dírìlì: ọ̀kan lókè ọ̀tún, ọ̀kan nísàlẹ̀ òsì, kí ẹ tó kan méjì yòókù.

Orí ọrùn, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ wọ̀n ihò tuner, ohun tí a fi ń fa okùn dé ohùn rẹ̀, tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì ra tuner tó wọ̀ ọ́. Owó tuner kò tó owó ọrùn.

Títò ohùn

Ẹ fi okùn tuntun sí i, ẹ fà á dé ohùn rẹ̀, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ tẹ okùn A, èyí tó tẹ̀ lé E, mọ́lẹ̀ ní fret 1 àti fret tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní fret 7 tàbí 8. Láàárín 0.25 mm sí 0.35 mm ló dára. Bí ọrùn yín kò bá ní truss rod, okùn ni ẹ ó fi tún un ṣe: okùn tó nípọn ń fà á gidi, èyí tó tín-ín-rín ń fà á díẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré nítorí bí ọrùn ṣe le tó, ṣùgbọ́n ó wà.

Gíga okùn ló kàn. Ní fret 17, 2 mm fún G àti 2.4 mm fún E jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Bí saddle bá ti sọ̀kalẹ̀ pátápátá tí okùn ṣì ga, ẹ fi pákó tín-ín-rín kan sí apá ẹ̀yìn àpò, lọ́dọ̀ bridge. Àpò gùn bíi 70 mm, láti ẹnu àpò dé bridge sì jẹ́ nǹkan bíi 340 mm, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún. Nítorí náà, pákó tó nípọn ìdajì mìlímítà péré á gba yín láyè láti gbé saddle sókè bíi 2.4 mm láìjẹ́ kí okùn ga ju bó ṣe wà lọ. Pákó tó gbòòrò tó bo gbogbo ilẹ̀ àpò, tó nípọn lẹ́yìn tó sì tín-ín-rín níwájú, ló dára jù. Káàdì tí a ká pọ̀ máa ń fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ọrùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ta okùn láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní fret 12. Bí ti fret 12 bá ga ju ohùn tó yẹ lọ, ẹ fa saddle sẹ́yìn. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ẹ tì í síwájú. Ẹ ṣe okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì padà sí ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún sukudiráfà mú, ẹ dán bóòlùtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Gíráfáìtì kò ní yí padà, ṣùgbọ́n igi ilẹ̀ àpò àti ọ̀dà ẹ̀yìn gìtá lè ti fún díẹ̀ lábẹ́ àwo irin. Tèmi gba ìdá mẹ́jọ yíyí kan, gíga okùn sì lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n bébà kan. Ẹ ta okùn G ní fret 6, kí ẹ sì jẹ́ kó dún títí tó máa fi parí fúnra rẹ̀.